Ìkíni Kẹta Táńtí Àdùkẹ́

Búrẹ́dì gígùn tí mo rà láàárọ̀ yìí lẹ́bàá ilé mi ní Gonzagueville, àádọ́jọ fáránkì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá mú àádọ́ta fáránkì lọ síbẹ̀, màá gba búrẹ́dì, ìyókù á sì kù tí màá fi ra ẹ̀pà. Aṣẹkẹ́, gbágùúdá oníhóró-hóró tí wọ́n ń fi ooru sè níhìn-ín, ọgọ́rùn-ún fáránkì tòun ti ẹja díndín ló ń yó mi nígbà náà. Lónìí ẹgbẹ̀rún kan kò yó mi, bẹ́ẹ̀ inú mi ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí iye rẹ̀ kò tíì gòkè ní Abidjan ni ìkíni. Ọ̀fẹ́ ni láyé ọjọ́un, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Òun ni mo sì fi ṣiṣẹ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ni ó ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi, nítorí àwọn kan nínú wọn ń wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Mo pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí mo mọ ara mi: bí wọ́n bá fi makirofóònù lé mi lọ́wọ́, oúnjẹ ọ̀sán gbogbo yín á tutù. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìtàn iṣẹ́ mi kí n má sọ ti Táńtí Àdùkẹ́, nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi níṣẹ́. Táńtí ni wọ́n ń pe àǹtí níhìn-ín. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ wá rò pé ìtàn tirẹ̀ ni mo kọ, ẹ kò ṣì í.

Ìmọ̀ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì nílé, ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo ṣetán, mo wá kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abidjan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fẹ́ lò. Mo ṣì wà níhìn-ín. Ìjọ wa ní ilé ìwòsàn kékeré kan nígbà náà, tí kò jìnnà sí òkun. Táńtí Àdùkẹ́ ni olórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀ pé kí n má jókòó lásán. Táńtí wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ní o mọ orúkọ ewé ní èdè Látìn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ewé kì í dáni lóhùn bí a bá pè é. Wá kọ́ bí a ṣe ń pe ènìyàn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ìtàn ayọ̀ ni mo ń sọ. Nígbà tó yá, Táńtí fúnra rẹ̀ lé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Ènìyàn kúkurú ni Táńtí, ó máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá Folúkẹ́, ọkọ rẹ̀, télọ̀ ni. Òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, Táńtí a sì fi sítáàṣì sí i títí tí mo fi máa ń rò pé aṣọ náà lè dá rìn wá síbi iṣẹ́ láìsí ẹni nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn Táńtí ni Folúkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa ń wà. Bí ó bá fẹ́ gún ẹnì kan lábẹ́rẹ́, á tú ọmọ náà, á gbé e fún ẹni tó kàn lórí bẹ́ǹṣì, á ní, "Bá mi gbé e, kí o má bàa máa ronú sí abẹ́rẹ́ tìrẹ." Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní àdúgbò wa tí wọn kò gbé Folúkẹ́ níbẹ̀ rí.

Ní gbogbo oṣù tí mo kọ́kọ́ lò, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n se síríǹjì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ síríǹjì onígíláàsì. A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń sè é nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹyin, a sì máa ń pọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ lórí òkúta bí ẹnu rẹ̀ bá kú. Táńtí lè wà nínú yàrá kejì kó kígbe pé, "Délé, omi rẹ kò tíì hó, o ti fẹ́ gbé e sọ̀!" Etí ló fi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó gbà kí n gún nǹkan, ìbẹ́pẹ ló gbé fún mi. Omi lásán ni mo ń gún sínú ìbẹ́pẹ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, òun á dúró tì mí. "Rọra. Bí o ṣe gún un yẹn, bí ènìyàn bá ni, ó ti gbá ọ létí." Zakaria, ọkùnrin ẹ̀yà Jùlá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó sì ń gbálẹ̀ fún wa, ló máa ń jẹ ìbẹ́pẹ náà nígbà tí mo bá ṣetán. Ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn aláìsàn títí ó fi ń sọ ọ́ jù mí lọ. Á ní, "Èyí dáa. Ó ti gba abẹ́rẹ́, kò lè ṣàìsàn mọ́."

Ṣùgbọ́n ibi tí Táńtí ti le jù ni ìkíni. Ní ọjọ́ kan, ó rán mi pé kí n lọ wo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Rámà ni, ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja létí òkun.

Mo ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

Ó ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi."

Mo padà wọlé. "Táńtí, Ìyá Rámà ni. Wọ́n ní a dúpẹ́."

Táńtí gbé báńdéèjì tó ń ká sílẹ̀. "Wọ́n ní a dúpẹ́. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ rìn láti etí òkun wá síbí nínú oòrùn yìí, kí wọ́n lè wá sọ a dúpẹ́ fún ọ?"

Ó jáde, ó kúnlẹ̀ fún ìyá náà tòun ti sítáàṣì rẹ̀. "Ìyá wa, ẹ kú oòrùn o. Ẹ kú iná, ẹ kú ẹ̀ẹ́fín."

"A dúpẹ́, Àdùkẹ́."

"Rámà ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná, mà?"

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé a wá ń jẹun ni, Àdùkẹ́? Bí mo bá fi òkèlè sẹ́nu, ńṣe ló ń padà. Bí mo bá dìde, ilẹ̀ á máa yí."

Nígbà tí a tọ́jú rẹ̀ tán, Táńtí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni mo fi ṣiṣẹ́ títí di òpin. Ó ní ọmọ Yorùbá kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Bí iná bá ń jó o lórí, tí o sì ní ṣé àlàáfíà ni, á ní a dúpẹ́, nítorí pé kò fẹ́ kó ìdààmú rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ láìtíì mọ̀ bóyá o lè gbé e. "Ilẹ̀kùn ni a dúpẹ́, Délé. Kì í ṣe ìròyìn. Kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìkíni àkọ́kọ́, ẹnu ló ń dá ọ lóhùn. Ìkejì, bí o bá bi í léèrè ará ilé, wo ojú rẹ̀. Ìkẹta, béèrè oúnjẹ àti oorun. Ara kò lè purọ́ nípa oúnjẹ."

Zakaria wà nítòsí, ó ní bákan náà ló rí lọ́dọ̀ tiwọn. "Bí wọ́n bá ní *ẹrẹ sira*, ṣé a sùn ní àlàáfíà, a máa ń ní *ẹrẹ dọrọn*, àlàáfíà nìkan ni. Bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kán."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé wá ròyìn aláìsàn, ìbéèrè kan ni Táńtí máa ń bi mí: "Ṣé o ti dé ìkẹta?" Bí n kò bá tíì dé e, mo ní láti padà síta lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ káàárọ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, tirẹ̀ kò parí. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí gbogbo wa bá ń wá ibi tí a ó na ẹ̀yìn sí, Táńtí á pọn Folúkẹ́, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé sọ́dọ̀ àwọn abiyamọ tuntun. Ẹnikẹ́ni kò rán an, ẹnikẹ́ni kò sì san nǹkan fún un. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ oníṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ìyá kò ráyè gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lọ bá pásítọ̀, wọ́n sì fi í sí ìparí ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Bí pásítọ̀ bá ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ sì rí fúláàsì oníyìnyín lọ́wọ́ Táńtí lẹ́nu ọ̀nà, ẹkún wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ àmín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọdún òjò.

Ọdún yẹn, kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i tí wọ́n gbàgbé láti pa á. Ilẹ̀ Gonzagueville jẹ́ iyanrìn, omi inú rẹ̀ kò jìnnà sókè. Kí á tó mọ̀, omi kànga àti omi ṣaláńgá ti di tọkọtaya. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, wọ́n ń bì, lẹ́yìn náà àwọn àgbà. Ibùsùn wa kún, a tẹ́ ẹní sí gbọ̀ngàn ìjọ, ó kún. Dókítà tó máa ń wá láti àárín ìlú kò lè dé, omi ti gé ọ̀nà. Táńtí ló kù, èmi, àti àwọn ìyá tó ti kọ́ ní omi oníyọ̀ oníṣúgà ní àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Ká ní kò kọ́ wọn ni, n kò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Ojúlé mìíràn wà tí wọn kò gbé ẹnikẹ́ni wá rárá, wọ́n ti po omi náà fúnra wọn. Síbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n gbé wá ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pàdé Táńtí nínú yàrá oògùn. Ó fẹ́ jáde lọ sí gbọ̀ngàn.

"Táńtí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́, Délé."

"Folúkẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi dúró. Táńtí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan péré nípa Folúkẹ́. Á ní ó wà, ó ti tún fọ́ àwo, ó wà, ó ní òun yóò fẹ́ pásítọ̀. "Ó wà" lásán yìí kò dùn létí mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti jìn wọnú. Ètè rẹ̀ gbẹ bí ẹja Ìyá Rámà, ó sì fi ọwọ́ kan ti ògiri bí ẹni pé ilé ló fẹ́ ṣubú.

Mo ní, "Kí lẹ jẹ láàárọ̀, mà?"

"Ṣé aláìsàn rẹ ni mí?"

"Ẹ dá mi lóhùn, mà."

"Délé, àwọn ọmọ wà nílẹ̀ níta yẹn. Kúrò lọ́nà!"

Mo mọ̀ wàyí. Àìsàn náà ti mú un, ó sì ń fi í pa mọ́. Bí ó bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà yẹn, kò ní jókòó mọ́ títí tí yóò fi ṣubú, ẹni tó bá sì ṣubú lọ́jọ́ yẹn, ó lè má dìde. Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ni Folúkẹ́ wà nílé, kò tíì lè ka owó márùn-ún. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ iṣẹ́ ṣe ń pàṣẹ fún ọ̀gá? N kò lè fọwọ́ kàn án. N kò lè kígbe mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi tọ́ mi ni mo rántí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà náà, nínú omi ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ funfun.

"Dìde!"

"N kò dìde, mà."

"O ń dọ̀tí aṣọ!"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀, mà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í gbé ẹsẹ̀ ré ẹni tó wà nílẹ̀ kọjá. Táńtí gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé e padà. Ẹnu ọ̀nà náà tóóró, mo sì ga. Ibẹ̀ ni Zakaria ti gbé báàkẹ́tì omi dé.

Ó ní, "Ha! Délé ṣubú?"

Mo ní, "N kò ṣubú. Mò ń bẹ Táńtí kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀. Ara wọn kò yá."

Zakaria wo Táńtí, ó wò mí. Ó gbé báàkẹ́tì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Táńtí ní, "Zakaria, ìwọ kì í ṣe Yorùbá o!"

Ó ní, "Táńtí, omi yìí náà kì í ṣe Yorùbá, ó sì wọlé."

Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹnì kan lẹ́yìn wa. Ìyá Rámà ni, ó ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti àárọ̀. Ó sún mọ́ wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá eékún rẹ̀ mú.

Ó ní, "Àdùkẹ́, ìwọ ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Mo bí ẹni tó jù ọ́ lọ. Bí o kò bá lọ dùbúlẹ̀ báyìí, èmi náà á kúnlẹ̀ fún ọ lójú gbogbo ènìyàn, ká wá wo ẹni tí ojú máa tì."

Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún. Táńtí kígbe pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti gbọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́.

Èmi ni mo fa omi sí i lára. Ojú rẹ̀ ti pa dé, mo rò pé ó ti sùn, àfi bí ó ṣe ní, "Rọra, Délé. Iṣan mi kì í ṣe ìbẹ́pẹ."

Láti orí ibùsùn náà ló ti ń darí wa. A máa ń lọ ròyìn fún un, á ní, "Ṣé o ti dé ìkẹta?" Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, òun náà dìde. Aṣọ oní-sítáàṣì àkọ́kọ́ tó wọ̀ fẹ̀ jù ú lọ, Bàbá Folúkẹ́ ní láti gbà á wọlé. Ó pè mí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìwàkiwà yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìkíni ni mo kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ ní dídí ọ̀nà." Ṣùgbọ́n ó gbé odindi ìbẹ́pẹ kan fún mi, ó ní kí n má gún un, kí n jẹ ẹ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e sáré. Síríǹjì onígíláàsì lọ, oníke dé, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù. Àárò ìkòkò wa sọ mí díẹ̀. Fíríìjì oníkẹrosíìnì lọ, oníná mànàmáná dé. Ìgbà tó yá ni a rí ẹ̀rọ tí a ń nà sí iwájú orí ènìyàn láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Táńtí ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n kò fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó wá sí ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, Désírè lorúkọ rẹ̀. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Yopougon, níbí ní Abidjan, ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló máa ń fi dáhùn. Ó na ẹ̀rọ náà sí Táńtí, ó wò ó, ó ní, "Ça va, la vieille," ìyẹn ni pé, ó dáa, ìyá àgbà. Ó fẹ́ kọjá.

Táńtí pè mí. "Délé, ọmọ rẹ yìnbọn sí mi níwájú orí, kò sì kí mi."

Désírè rẹ́rìn-ín. "Tantie, mo ní ça va."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Jókòó síhìn-ín. Bi mí nípa ará ilé mi."

Désírè jókòó. Nígbà tó máa dìde, ó ti mọ̀ pé Táńtí kò lo oògùn rẹ̀ láti ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí pé ó kó o fún aládùúgbò rẹ̀ kan tí tirẹ̀ ti tán. Désírè bínú sí i gidi gan-an, ó fi Yorùbá bínú. Inú Táńtí dùn títí ó fi délé.

Ìgbà tí mo kí i kẹ́yìn, ilé rẹ̀ ni mo lọ. Folúkẹ́ ti gbé àga rẹ̀ sí ìta níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́.

"Ẹ káàsán, Táńtí."

"A dúpẹ́, Délé."

"Folúkẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ti di ọ̀gá mi. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀."

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti rẹ̀ mí, Délé. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Ó kàn ti rẹ̀ mí ni. Jókòó tì mí."

Kò sí oògùn fún ìyẹn, kò sì béèrè oògùn. Mo jókòó. Folúkẹ́ gbé ìbẹ́pẹ tó ti gé wá, Táńtí sì bi mí bóyá mo ti gún un. A jẹ ẹ́ tán. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló lọ. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn tó sọ pé ìyá àwọn ni pọ̀ débi pé àwọn àlejò ń bi Folúkẹ́ pé àwọn mélòó ni wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Ẹ̀yin ọmọ wa, n kò ní sọ fún yín pé ẹ lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ á dùn yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ènìyàn kan á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, á sì ní a dúpẹ́.

Nínú àwa tí a jọ wà níbẹ̀, Ìyá Rámà ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n Rámà wà, ó ń yan ẹja ní ojú iná ìyá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n gbé wá lọ́dún òjò wà, ó ti di awakọ̀ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré tí a ń wọ̀ níhìn-ín, kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Bàbá Folúkẹ́ ti lọ. Dókítà tí omi dá dúró, n kò gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Désírè wà, òun ni olórí ilé ìwòsàn náà báyìí. Zakaria wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Yopougon. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti ní *ẹrẹ sira*, á béèrè ohun tí mo jẹ. Folúkẹ́ wà, nọ́ọ̀sì ni.

Èmi náà wà. Bí ẹ bá kí mi lẹ́yìn ìsìn, màá ní a dúpẹ́. Ẹ má tíì lọ.